Kìnnìún Ẹnu Géètì: Ìlobùú, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti Àmì Tó Ń Sọ Ẹni Tí A Jẹ́

Kìnnìún la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Gbogbo wa la ti rí wọn rí: kìnnìún méjì tí wọ́n fi símẹ́ńtì mọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún géètì, ọ̀kan lápá òsì, tí wọ́n lanu sílẹ̀ bíi pé a jẹ wọ́n lówó. Ẹ ẹ́ rí wọn ní ìlú ńlá, ẹ ẹ́ sì rí wọn ní ìlú kékeré. Ìbéèrè mi rèé: báwo ni kìnnìún ṣe dé ẹnu géètì wa?

Kì í ṣe pé Yorùbá ò mọ kìnnìún. Àwọn àgbà máa ń kì í ní ọlọ́là ijù, torí èékánná rẹ̀ tó ń kọ ilà sára ẹran. Ṣùgbọ́n ẹran ọ̀dàn ni, kì í ṣe ẹran igbó kìjikìji. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi agbára ọba wé nǹkan láyé àtijọ́, ẹkùn àti erin ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lẹ́nu.

Ọ̀nà òkun ni kìnnìún orí ilé gbà dé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Àwọn là ń pè ní Àgùdà, Pópó Àgùdà l'Ékòó sì ni ọ̀pọ̀ wọn tẹ̀dó sí. Bíríkìlà àti káfíńtà wà nínú wọn, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé alájà tó ní òpó oníṣẹ́ ọnà. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn gbé iṣẹ́ náà wọ ìgbèríko, owó kòkó sì bá wọn gbé e dé ọ̀pọ̀ ìlú. Lákòókò yẹn kan náà, kìnnìún wà lára àmì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì ń wàásù Kìnnìún ẹ̀yà Júdà. Ẹni tó bá fẹ́ kí àdúgbò mọ̀ pé òun ti rí já jẹ, kìnnìún ló máa ń ní kí bíríkìlà bá òun mọ.

Ẹ má fojú kékeré wo àwọn bíríkìlà yẹn o. Adebisi Akanji ti Òṣogbo, bíríkìlà ni. Ọwọ́ tó fi ń po símẹ́ńtì náà ló fi ṣe àwọn iṣẹ́ ọnà tó gbajúmọ̀ káàkiri ayé, òun náà sì wà lára àwọn tó bá Susanne Wenger ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Kí Wenger àti Ulli Beier, ọkọ rẹ̀ nígbà náà, tó dé Òṣogbo, Ìlobùú ni wọ́n gbé fún ìgbà díẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1950.

Ẹ jẹ́ ká kúkú yà sí Ìlobùú. Kí símẹ́ńtì tó dé, kí ni àmì ibẹ̀? Erinlẹ̀ ni. Ìtàn sọ pé ọdẹ ni Erinlẹ̀, pé ó dáàbò bo ìlú, àti pé nígbà tó yá, ó wọlẹ̀, ó sì di odò. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: erin, ilẹ̀. Ère rẹ̀ kì í la ẹnu mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìkòkò amọ̀ onídérí ni, àwo ọta, tí wọ́n ń kó òkúta odò sí, àti ọ̀pá irin tí ẹyẹ wà lórí rẹ̀.

Ìfọ́n-Ọ̀ṣun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìlobùú gan-an, débi pé àlejò lè má mọ ìgbà tó kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Olúfọ́n ni ọba wọn. Ọbàtálá, tí wọ́n ń pè ní Òrìṣà Olúfọ́n níbẹ̀, ni àmì tiwọn: aṣọ àlà, ẹfun, omi tútù, àti ìgbín tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà.

Ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé. Ọ̀nà òkun tí kìnnìún gbà wọlé, òun náà ni Olúfọ́n àti Erinlẹ̀ ti gbà jáde ṣáájú, nínú ọkàn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Ní Bahia, ní Brazil, wọ́n ń bọ Oxalufã títí dòní, ìyẹn Òrìṣà Olúfọ́n. Wọ́n mọ Erinlẹ̀ náà níbẹ̀, ní Cuba wọ́n sì ń pè é ní Inle. Lókè òkun lọ́hùn-ún, òrìṣà Ìfọ́n àti òrìṣà Ìlobùú lè jọ wà nínú ilé òrìṣà kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ibo ni ààlà wà.

Nílé ńkọ́? Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà ilẹ̀ láàárín Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun le débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. Mi ò wá dá ẹjọ́ ilẹ̀ níbí o. Iṣẹ́ adájọ́ nìyẹn. Ohun tí mo rí ni pé ó rọrùn fún wa láti sọ àmì ìdílé di òpó ààlà, ká ní àwa lọmọ báyìí, ẹ̀yin kọ́. Bẹ́ẹ̀, ọdẹ tó ń dáàbò bo ìlú ni Erinlẹ̀. Ìtútù ni Ọbàtálá. Nínú àwọn méjèèjì, èwo ló ní ká dáná sun ilé aládùúgbò?

Kìnnìún símẹ́ńtì tiẹ̀ lè kọ́ wa lọ́gbọ́n. Àlejò ni, síbẹ̀ a gbà á, a sọ ọ́ di tiwa, kò sì sí ìlú kan tó lè sọ pé òun nìkan ló ni ín. Bí a bá lè gba kìnnìún tó ti òkun wá, ẹni tó ń gbé òdì kejì títì ńkọ́?

Ẹ jẹ́ n fi kiní kan ṣe ìdágbére. Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ẹ mọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ náà? Ìrẹ́pọ̀dùn ni. Orúkọ yẹn ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín kan tó wá láti ìlú kejì. Ó dìgbà o.