Ẹni Tó Sọ Kantíkantí Lórúkọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú pé n kò mú ewì wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ kantíkantí ni mo mú wá, àwọn kékeré tó máa ń rà bàbà lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti pọ́n jù. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá, tó ń kọ́ ìmọ̀ nípa ẹranko, ló ń sìn wọ́n sínú ìgò fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Òun náà ló bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Ìwọ tó ò ń ka Yorùbá yìí, kí lo fẹ́ fi ṣe ná?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo wá gbé ìwé rẹ̀ láti fi wá èsì, asáínmẹ́ǹtì tèmi sì sùn síbẹ̀.

Ohun tí mo bá pàdé nìyí. Ní 1910, ní Yunifásítì Columbia ní New York, Thomas Hunt Morgan rí akọ kantíkantí kan tí ojú rẹ̀ funfun. Pupa lojú wọn máa ń rí. Yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kò tóbi, ìgò mílíìkì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kún ibẹ̀. Morgan fi akọ yìí gun abo olójú pupa. Ọmọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ olójú pupa tán. Ìgbà tó kan àwọn ọmọ ọmọ ni ojú funfun tún yọ, akọ nìkan ló sì yọ sí. Bó ṣe mọ̀ nìyẹn pé jíìnì náà bá krómósóómù X rìn, èyí tó ní í ṣe pẹ̀lú akọ àti abo. Wọ́n sọ ọ́ ní white.

Ibi tí orúkọ yẹn ti ń ta mí létí rèé o. Jíìnì tí wọ́n ń pè ní funfun yìí, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kí ojú pupa! Ìgbà tó bá bàjẹ́ ni ojú ń funfun. Àwa ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn, àléébù ni wọ́n wò. Àfi bí ẹni pe agbo ilé onílù ní Ilé Ìdákẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni wọn ì bá ṣe mọ̀ pé onílù ń gbé ibẹ̀, bí ìlù ò bá dákẹ́ lọ́jọ́ kan?

Ta ló wá ya máàpù? Ọmọléèwé bíi tiwa ni. Alfred Sturtevant kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ ní 1911. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Edgar, ló ń gbé, onímọ̀ èdè sì ni Edgar (mo ka ibẹ̀ sétí ọ̀rẹ́ mi lẹ́ẹ̀mejì). Òun ló ní kí àbúrò òun kọ ohun tó ti kíyè sí nípa àwọ̀ ẹṣin sílẹ̀, kó gbé e fún Morgan. Bó ṣe wọ yàrá kantíkantí nìyẹn.

Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ tá a sín sórí òwú. Tí òwú bá já níbì kan, àwọn tó fara kan ara wọn sábà máa ń wà pọ̀. Àwọn tó jìnnà síra ló ń pínyà. Krómósóómù X méjì tó wà lára abo máa ń já báyẹn, wọ́n á sì jọ pààrọ̀ èkúta. Níbi tí òun àti Morgan ti ń sọ ọ́ ni ọmọ yìí ti rí i pé a lè fi iye ìpínyà wọ̀nyẹn wọn bí jíìnì kan ṣe jìnnà sí èkejì. Ó kó ìṣirò lọ sílé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn, ó pa iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ tì, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti tò wọ́n sórí ìlà kan. Iṣẹ́ náà jáde ní 1913: jíìnì mẹ́fà, ojú ibi márùn-ún. Yellow wà ní 0.0, white ní 1.0, vermilion ní 30.7, miniature ní 33.7, rudimentary ní 57.6. Ẹ̀kẹfà, eosin, bá white nílé kan náà.

Kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi ń sọ wọ́n lórúkọ o. Krüppel, èdè Jámánì ni, arọ nìtumọ̀ rẹ̀. Fushi tarazu, èdè Japan, oríkèé kò pé. Mo fi han ọ̀rẹ́ mi. Kò fèsì.

Lánàá ló pè mí wá wo ọ̀kan nínú ìgò, ìyẹ́ rẹ̀ ti ká kò. Ó ní, "Ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tuntun ńkọ́? Kí la máa pè é ní Yorùbá?"

Mo ní kó jẹ́ kọ́jọ́ ó pé mẹ́jọ ná.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bá yé e, kantíkantí ò tíì jáde nínú èèpo.