Eré Àwọn Àgbà ní Ilẹ̀ Yorùbá

Púpọ̀ nínú àwọn ìwé tí a ti kọ nípa ilẹ̀ wa ni ó jẹ́ ìtàn ogun àti ìtàn oyè jíjẹ. A mọ ẹni tí ó kó ìlú, a mọ ẹni tí ó jọba lẹ́yìn ẹni. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá léèrè pé kí ni ó ń pa àwọn baba wa lẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ti oko dé, díẹ̀ ni àwa tí ó lè dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jagun, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Nítorí náà mo fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ eré wò: kì í ṣe eré ọmọdé, bí bojúbojú tàbí àlọ́ abẹ́ òṣùpá, bí kò ṣe eré tí àwọn tí ó ti ní irùngbọ̀n, tí wọ́n ti ní aya àti gbèsè, ń ṣe láàárín ara wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò tó ohun tí à ń kọ sínú irú ìwé bí èyí. N óò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú sùúrù. Ilẹ̀ wa ni ilẹ̀ tí ipò àgbà le gidigidi, tí ẹni tí a bí ṣáájú ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀ lórí ẹni tí a bí tẹ̀lé e. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, eré ni ó fún ènìyàn kékeré ní àyè láti la ẹnu sí ẹni ńlá, kí ilé má sì tú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ayò. Igi tí a gbẹ́ ni ọpọ́n ayò, ihò 12 ni a sì dá sí i, 6 níhìn-ín, 6 lọ́hùn-ún. Ilé ni a ń pe àwọn ihò náà. Èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni ọmọ ayò. Ó le bí òkúta, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí eérú. Ọmọ 48 ni a ń lò, mẹ́rin-mẹ́rin ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó kàn yóò kó gbogbo ọmọ inú ilé kan ní ìhà tirẹ̀, yóò máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ilé tí ó tẹ̀ lé e lọ sí apá ọ̀tún, títí yóò fi yí bọ́ sí ìhà ẹnìkejì. Bí ọmọ tí ó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì, tí iye tí ó wà níbẹ̀ sì di 2 tàbí 3, ó jẹ wọ́n. Ẹlòmíràn a máa kó ọmọ jọ sí ilé kan ṣoṣo, èyí tí a ń pè ní odù, títí yóò fi pọ̀ tó èyí tí ó lè yí ọpọ́n ká. Òfin kan sì wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn: bí ìhà ẹnìkejì bá gbẹ tí kò ní ọmọ kan láti ta, ìwọ tí ó ní ni yóò ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ó bá ṣeé ṣe. A kò gbọdọ̀ fi ebi pa á. Àwọn Akan ní Ghana ní irú rẹ̀, oware ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun sì mú irú rẹ̀ dání dé Antigua àti Barbados, níbi tí a ti ń ta á títí di òní ní orúkọ warri.

Ṣùgbọ́n ọpọ́n àti ọmọ nìkan kọ́ ni ayò. Ẹnu ni ìdajì rẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè, àwọn orúkọ méjèèjì yìí kò sì béèrè ọjọ́ orí tàbí oyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wo baálé tí ó jókòó sí abẹ́ igi níwájú ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dọ̀bálẹ̀ kí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà sì jókòó dojú kọ ọ́. Bí ọmọkùnrin náà bá ti jẹ tó ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò pe baálé ní òpè ní gbangba, yóò sì béèrè bóyá kí a lọ pe ọmọ kékeré kan wá láti ràn án lọ́wọ́. Àwọn òǹwòran yóò hó yè, olúkúlùkù wọn ni yóò sì máa sọ ilé tí ó yẹ kí bàbá ti ta. Baálé yóò fèsì pé òun kàn ń bọ́ ọmọ náà sanra ni, bí a ti ń bọ́ ẹran ọdún. Kò sí ẹni tí yóò pe èyí ní àfojúdi. Nígbà tí a bá gbé ọpọ́n wọlé, ọmọkùnrin náà yóò tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja pé ó di òwúrọ̀.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀rín nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí ọmọ kò lè wí nínú ìpàdé ẹbí, ó lè fi dá àpárá nídìí ayò. Bí baálé bá kó ọmọ jọ sí odù kan, tí ọmọkùnrin náà sì wí pé, "Bàbá, bí ẹ ti ń ṣe sí ilẹ̀ etí odò náà nìyí," ẹ̀rín ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ ti gbọ́, baálé pàápàá sì ti gbọ́. Bí ó bá fẹ́, ó lè ṣe bí ẹni pé eré lásán ni. Bí ó bá gbọ́n, yóò ro ó wò lórí ẹní rẹ̀ ní òru. Ojú kò ti ẹnikẹ́ni, ẹjọ́ kò sì dé ilé ọba.

Àwọn àgbà kan wà nínú ìjọ tí wọ́n ka ayò pọ̀ mọ́ tẹ́tẹ́, tí wọ́n sì bá ọmọ ìjọ wí nítorí rẹ̀. Èmi kò lè bá wọn gbà. Tẹ́tẹ́ lè kó ilé onílé lọ. Ní gbogbo ibi tí mo ti jókòó wo ayò, orúkọ ọ̀ta nìkan ni ẹni tí ó borí ń mú lọ sílé, òun náà kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn obìnrin ní eré tiwọn nínú agbo ilé, ní ojú mi ó sì jinlẹ̀ ju ayò lọ. Gbogbo wa ni a mọ àṣà náà pé ẹnikẹ́ni tí a bá ti bí nínú ilé kí ìyàwó tó wọ̀ ọ́, ọkọ ni ó jẹ́ fún un, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Kò sì gbọdọ̀ pè é ní orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Òfin líle ni. Ọmọbìnrin tí ó ti jẹ́ àyànfẹ́ nílé baba rẹ̀ yóò bá ara rẹ̀ láàárín ogún ènìyàn tí kò lè pe ọ̀kan nínú wọn ní orúkọ. Ẹ wo ohun tí àwọn ìyá wa fi òfin yìí ṣe! Wọ́n sọ ọ́ di eré. Ìyàwó á wo aburo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, á sì sọ ọ́ ní orúkọ tirẹ̀: Adúmáadán, ẹni tí ó dúdú tí ó sì ń dán, Eyínfúnjowó, ẹni tí eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ, Ìbàdíàrán, ẹni tí ìbàdí rẹ̀ yẹ aṣọ àrán, Awẹ́lẹ́wà, Òpéléńgẹ́. Àwọn mìíràn ní abẹ́rẹ́ nínú. Akúrúyejó kò purọ́: ọkùnrin náà kúrú, ṣùgbọ́n ta ni yóò bínú sí ẹni tí ó wí pé kíkúrú rẹ̀ yẹ ijó? Lójoojúmọ́ tí ó bá ń kúnlẹ̀ kí i, ni ó ń rán an létí gíga rẹ̀, ọkùnrin náà a sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Láìpẹ́ gbogbo ilé yóò ti gba orúkọ náà, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ní ọjọ́ ìgbéyàwó yóò máa pe arákùnrin baba wọn bẹ́ẹ̀. Báyìí ni ẹni tí ó kéré jù nínú ilé ṣe di ẹni tí ó ń sọ àwọn ará ilé lórúkọ.

Ohun tí ìyàwó ń ṣe nínú agbo ilé, àwọn òṣèré ń ṣe é níwájú ọba. Ní oṣù January ọdún 1826 ni Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé, òun àti Richard Lander ìránṣẹ́ rẹ̀. Ìwé ìrìn àjò rẹ̀ jáde ní 1829, lẹ́yìn tí ó ti kú ní Sókótó ní 1827, nínú rẹ̀ ni ó sì ti ròyìn eré tí a ṣe níwájú Aláàfin ní oṣù February. Àwọn tí ó wà nínú àpò kọ́kọ́ jó, wọ́n sì ń tàkìtì. Lẹ́yìn wọn ni òjòlá ńlá kan yọ láti inú àpò. Ní ìgbà kẹta, àpò kan bẹ̀rẹ̀ sí i ṣí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orí funfun yọ, lẹ́yìn náà gbogbo ara: òyìnbó ni! Ó rù, òtútù ń mú un, ó ń fín aáṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn hó tó bẹ́ẹ̀ tí ariwo gba ìlú, wọ́n sì ń bẹ àwọn àlejò kí wọ́n wò ó dáradára. Clapperton ṣe bí ẹni pé inú òun náà dùn, ó sì jẹ́wọ́ pé ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo yìn ín fún èyí. Àlejò tí ó lè bá àwọn onílé rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, ó ti wọ ilé náà tán.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí irú ìgbà tí ó jẹ́. Ìlọrin ti dìtẹ̀, Aláàfin fúnra rẹ̀ sì bá àlejò náà sọ̀rọ̀ nípa ìdààmú ìjọba rẹ̀. Kò ju bí ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́ Ilé fi dahoro, tí igbó sì bo àgbàlá tí a ti ṣe eré yẹn. Àwọn tí ó rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ náà kì í ṣe ẹni tí kò ní ìṣòro.

Èmi kò ní pẹ́ lórí ọdún Òkè Ìbàdàn, ọjọ́ tí àwọn ará Ìbàdàn ń fi orin bú ìjòyè àti mẹ̀kúnnù láìsí ẹni tí ó gbọdọ̀ bínú. Orin ọjọ́ náà kò ṣeé kọ sí ìwé wa, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú ti ayò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti òru Ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti ní Yewa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀, níbi tí olórin ti ń sọ àṣìṣe ìlú ní gbangba ọjà. Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ayé.

Kò sí òfin ìjọba tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ tí ó gba àwọn eré ojoojúmọ́ lọ́wọ́ wa. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé a kọ́ láti máa ka ojú líle sí ìwà mímọ́. Nígbà tí àwa olùkọ́ àti oníwàásù bá ń kọjá lọ, àwọn tí ń ta ayò a panu mọ́, àwa a sì rò pé ọ̀wọ̀ ni. Nínú ilé, ìyàwó ìsinsìnyí a máa pe àwọn aburo ọkọ rẹ̀ ní bùọ̀dá àti àǹtí. Kò sí èébú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bùọ̀dá kan náà ni fún ẹni tí ó kúrú àti ẹni tí ó ga, ẹni tí ó sọ ọ́ kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni kí ó tó sọ ọ́.

Nítorí náà mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá ka ìwé yìí. Ẹ lọ bá àwọn ìyá àgbà ní agboolé yín, kí ẹ sì béèrè orúkọ tí wọ́n sọ àwọn ọmọ ilé ọkọ wọn. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀, ẹ kọ ìlú, ẹ sì jẹ́ kí ìyá náà sọ ohun tí ó rí lára ẹni náà tí ó fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí ó tó dáhùn, ẹ dúró dè é.