Bí Ọ̀nà Ṣe Là fún Ẹni tí a Kọ Ìforúkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Rẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Síbẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó pẹ́ kí ọ̀nà kejì tó là fún ẹni tí ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ ẹ̀dà bá kọ̀ láti forúkọ iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ sílẹ̀.

Òfin ọdún 1909 là á kalẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ kò lè pe ẹni tí ó dà á kọ láìgbàṣẹ lẹ́jọ́. Wàhálà inú òfin yìí hàn gbangba ní ọdún 1958. Ọ́fíìsì náà ti kọ̀ láti forúkọ aago kan tí iléeṣẹ́ Vacheron & Constantin-Le Coultre ṣe sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà. Nígbà tí iléeṣẹ́ yìí pe Benrus lẹ́jọ́ pé ó ṣe àfarawé aago náà, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, láti ẹnu Adájọ́ Learned Hand, ní kí ó kọ́kọ́ lọ bá ọ́fíìsì ṣẹjọ́, kí ó gba ìwé-ẹ̀rí ná. Ẹjọ́ méjì ni olóhun yóò rò nítorí ohun kan ṣoṣo.

Òfin ọdún 1976, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1978, ni ó tú ìdè yìí. Bí fọ́ọ̀mù, owó àti ẹ̀dà iṣẹ́ bá ti pé lọ́wọ́ ọ́fíìsì, tí ó sì kọ̀, olóhun lè pe adàkọ lẹ́jọ́, kí ó ṣáà ti fi ẹ̀dà ìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́ sí olórí ọ́fíìsì. Olórí yìí ní 60 ọjọ́ láti wọ inú ẹjọ́ náà.

Ẹni tí kò ní adàkọ tí yóò bá jà ńkọ́? Ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ ni yóò pè lẹ́jọ́. Ní ọdún 1987, iléeṣẹ́ Atari Games fẹ́ forúkọ Breakout sílẹ̀, eré fídíò tí a ti ń fi bọ́ọ̀lù wó ògiri aláwọ̀ mèremère. Ọ́fíìsì ní bíríkì àti bọ́ọ̀lù lásán ni. Ní ọdún 1989, Adájọ́ Ruth Bader Ginsburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ padà fún ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì tún kọ̀. Ní ọdún 1992, wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀kejì: odindi eré, bí ó ti ń rìn tí ó sì ń dún, ni kí a wò, kì í ṣe bíríkì kọ̀ọ̀kan. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti sọ ní ọdún 1991 pé àtinúdá tí òfin ń béèrè kò tó nǹkan.

Lóde òní, olóhun lè bẹ ọ́fíìsì pé kí ó tún un wò lẹ́ẹ̀mejì, láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ó tó kan ilé-ẹjọ́. Ní ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ó ṣì ń retí èsì kò tíì lè pe adàkọ lẹ́jọ́. Ẹni tí wọ́n ti kọ̀ fún lè pè é. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fa ìwé “rárá” ya ti fa kọ́kọ́rọ́ ilé-ẹjọ́ sọnù.