Iṣẹ́ ọnà àdàlù orí kọ̀ǹpútà nípa ìjì líle

Iṣẹ́ ọnà àdàlù orí kọ̀ǹpútà nípa ìjì líle ni iṣẹ́ ọnà tí a fi oríṣiríṣi ohun èlò ṣe pọ̀, tí kọ̀ǹpútà kó ipa pàtàkì nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀, tí kókó rẹ̀ sì jẹ́ ìjì, àrá, mànàmáná tàbí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá. Ohun èlò náà lè jẹ́ fọ́tò, ọ̀dà tí a fi ọwọ́ kùn kí a tó gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ohùn, fídíò, àwòrán sátẹ́láìtì, tàbí dátà tí àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ kó jọ. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí àwòrán ìjì àtijọ́ ni pé kì í ṣe ojú nìkan ni oníṣẹ́ ọnà fi ń wo ìjì mọ́. Òǹkà tí ẹ̀rọ wọ̀n nínú ìjì náà ti di ohun èlò lọ́wọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí amọ̀ ṣe jẹ́ fún amọ̀kòkò.

Nípa orúkọ

Èdè Yorùbá kò pín ìjì bí àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ṣe pín in. Ìjì ni orúkọ gbogbogbòò. Ẹ̀fúùfù ni afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ tagbáratagbára. Ààjà ni èyí tó ń yí bírí láti ilẹ̀, tí àwọn àgbà sì gbà pé ó lè gbé ènìyàn wọ igbó lọ kó ewé àti egbò. Ìjì ńlá tó ń ti orí Òkun Àtìláńtíìkì kọlu ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n máa ń fún ní orúkọ ènìyàn, kò ní orúkọ tirẹ̀ ní Yorùbá nítorí pé irú rẹ̀ kì í jà ní ilẹ̀ wa. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló bẹ̀rẹ̀ láti ara ìrúkèrúdò afẹ́fẹ́ tó kọjá lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó tó bọ́ sórí òkun. Ìjì òkun ni a pè é nínú àyọkà yìí.

Ìpìlẹ̀

Ní ọdún 1842, J. M. W. Turner, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàtẹ àwòrán ọkọ̀ kan tí ìjì oníyìnyín ká mọ́ ẹnu èbúté. Àwòrán náà wà lára àkójọ Tate ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìtàn tí wọ́n so mọ́ ọn ni pé Turner ní kí àwọn atukọ̀ de òun mọ́ òpó ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin kí òun lè fi ojú ara òun rí ìjì. Àwọn òpìtàn iṣẹ́ ọnà kò gba ìtàn yìí gbọ́ tán, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ènìyàn ti ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó bá ya ìjì. Ní 1977, Walter De Maria ri ọ̀pá irin 400 mọ́ ilẹ̀ aṣálẹ̀ New Mexico, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ojú-ọjọ́ láti parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mànàmáná kì í sábà bọ́ sí i.

Dátà gẹ́gẹ́ bí ohun èlò

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún, Andrea Polli bá onímọ̀ ojú-ọjọ́ Glenn Van Knowe ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ìjì méjì tó jà ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà: ìjì oníyìnyín ti oṣù Kejì 1979, àti ìjì òkun Bob ti oṣù Kẹjọ 1991. Òǹkà tí kọ̀ǹpútà ṣírò fún onírúurú ibi àti onírúurú ìwọ̀n gíga nínú ìjì náà ni wọ́n sọ di ohùn, tí wọ́n sì gba inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e jáde kí olùgbọ́ lè dúró láàárín rẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ náà ni Atmospherics/Weather Works.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Wind Map, tí Fernanda Viégas àti Martin Wattenberg gbé jáde ní 2012. Ó jẹ́ àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àìmọye ìlà tín-ín-rín funfun ń ṣàn kọjá lórí rẹ̀ bí irun tí a ń yà. Láti inú àkójọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú-ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ni dátà rẹ̀ ti ń wá, wákàtí wákàtí ni ó sì ń yí padà. Kò sí àwọ̀ pupa, kò sí àmì ewu. Eré afẹ́fẹ́ nìkan ló ń pinnu bí ìlà ṣe máa hàn tó. Museum of Modern Art ní New York ti gba iṣẹ́ náà sínú àkójọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kìlọ̀ lójú òpó náà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í wa ọkọ̀ òfurufú tàbí ọkọ̀ ojú omi, kó má sì fi í pa iná igbó. Ó dà bí àwàdà, ṣùgbọ́n ó fi ibi tí iṣẹ́ ọnà parí sí hàn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Fún mànàmáná, ayàwòrán á gbé kámẹ́rà lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, á sì fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá. Á ya ogunlọ́gọ̀ fọ́tò lójú kan náà, lẹ́yìn náà á tò wọ́n lé ara wọn nínú kọ̀ǹpútà, á sì ní kí ètò náà mú èyí tó mọ́lẹ̀ jù ní ojú kọ̀ọ̀kan. Àwòrán tó máa jáde á fi ọgbọ̀n mànàmáná hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú ọ̀run. Gbogbo wọn ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ayàwòrán tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ máa ń kọ èyí sábẹ́ àwòrán.

Ohùn ní ìṣòro tirẹ̀. Nǹkan bíi mítà 340 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà àrá tó sán ní kìlómítà mẹ́ta síni kì í dé etí títí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fídíò máa ń gé àlàfo yìí kúrò kí ìró àti ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí ojú kan náà. Ẹni tó bá gé e ti sọ fún olùwòran, láìmọ̀, pé orí rẹ̀ gan-an ni mànàmáná náà bọ́ sí.

Àwòrán rédà ni ìpele tí wọ́n sábà máa ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀. Rédà ń ta ìgbì rédíò sínú òjò, ó sì ń ka èyí tó padà wá. Lórí àwòrán eré afẹ́fẹ́, àwọ̀ ewé ni èyí tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rédà, pupa ni èyí tó ń lọ. Níbi tí méjèèjì bá ti fara kanra, ìjì lè máa yí níbẹ̀. Oníṣẹ́ ọnà tó bá pààrọ̀ àwọ̀ wọ̀nyí nítorí ẹwà ti pa ohun tí wọ́n ń sọ rẹ́.

Sandy, 2012

Ìjì òkun Sandy wọ etíkun New Jersey ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 2012. Láti Kàríbíánì títí dé Amẹ́ríkà, ó kéré tán ènìyàn 147 ni ó pa ní tààrà. Oríṣi àwòrán mẹ́ta tó jáde lára ìjì kan ṣoṣo yìí ni ó fi ohun tí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà yìí lè ṣe hàn jù lọ.

Ti àkọ́kọ́ ni àwòrán tí Wind Map tọ́jú nígbà tí Sandy ń wọlé: ìlà funfun láti gbogbo ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ń yí wọ ojú kan. Ti kejì gbilẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fi ère Statue of Liberty hàn lábẹ́ ìkúùkuu dúdú ràbàtà kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ránṣẹ́ síra wọn pé Sandy ti dé. Nebraska ni wọ́n ti ya ìkúùkuu náà ní 2004. Ẹnì kan ló fi kọ̀ǹpútà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ère náà. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọgbọ́n àdàlù tí a ti ṣàlàyé lókè. Àkọlé ni kò ní, àwọn tó sì gbà á wà lójú ọ̀nà ìjì tòótọ́ tí wọ́n nílò ìròyìn nípa rẹ̀.

Ti kẹta ni iṣẹ́ Nathalie Miebach, tó ń ṣiṣẹ́ ní Boston. Miebach máa ń kó òǹkà ìfúnpá afẹ́fẹ́, eré ẹ̀fúùfù àti ìgbì omi jọ láti ibùdó ojú-ọjọ́ àti láti inú ẹ̀rọ tó léfòó lórí òkun, á sì fi pankẹ́rẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ onígi hun wọ́n di ère. Apẹ̀rẹ̀ híhun ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀: igi tó dúró àti èyí tó ń gba àárín wọn kọjá ń ṣe iṣẹ́ ìlà inú àtẹ òǹkà. Ó tún ń kọ òǹkà kan náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orin, tí àwọn akọrin sì ń fi ohun èlò wọn kọ. Àwọn kan lè sọ pé èyí kì í ṣe iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà rárá, nítorí ọwọ́ ló fi ń hun ún. Dátà tó ń hun ni ó mú un wọ àyọkà yìí.

Fún Sandy, ó so òǹkà ìjì náà pọ̀ mọ́ àwòrán ohun ìṣeré ńlá ti ibi ìgbafẹ́ etíkun. Ohun tó wà nídìí èyí ni Jet Star, ọ̀nà irin gíga onígọ́ńgọ́ tí àwọn ènìyàn ń gùn fún ìgbádùn ní Seaside Heights, New Jersey, tí Sandy gbé sínú òkun ní odindi. Ère aláwọ̀ mèremère tó dà bí ohun ìṣeré ọmọdé, tí a sì fi ìjì apààyàn hun, lè mú kí inú bí ẹni tó pàdánù ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ló ní òǹkà tó dúró fún, olùwòran sì lè béèrè ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jet Star fúnra rẹ̀ wà nínú omi títí di oṣù Karùn-ún 2013, kí wọ́n tó wú u kúrò.