Ìwé Ọgbọ́n tí Wang Jie Fi Ta Aráyé Lọ́rẹ

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ̀ pé Gutenberg tẹ Bíbélì ní ilẹ̀ Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1455. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé títẹ̀ tí ó pé, tí ó sì ní ọjọ́ lára, èyí tí ó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ wá láti ilẹ̀ Ṣáínà. Diamond Sutra ni orúkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ọgbọ́n ẹ̀sìn Búdà. Ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, ọdún 868, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí Búdà bá ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, Subhuti, sọ ní ilẹ̀ Íńdíà ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún, Kumarajiva túmọ̀ rẹ̀ láti èdè Sanskrit sí èdè Ṣáínà. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé kí ènìyàn má ṣe so ọkàn rẹ̀ mọ́ ohunkóhun, títí kan ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Ó fi ẹ̀kọ́ wé ọkọ̀ tí a fi ń sọdá odò: ẹni tí ó bá ti gúnlẹ̀ kì í gbé ọkọ̀ rù.

Ìwé náà tún sọ pé ẹni tí ó bá kọ́ ìlà mẹ́rin péré nínú rẹ̀, tí ó sì là á yé ẹlòmíràn, yóò gba èrè tí ó ju ti ẹni tí ó fi ìṣúra tọrẹ lọ. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe ń há a sórí, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ dà á kọ. Ṣùgbọ́n adàwékọ kò lè ṣe ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára pátákó, tí a fi tàdáwà kùn ún, tí a sì tẹ bébà lé e, ẹ̀dà rẹ̀ yóò di púpọ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi tẹ ìwé tí Wang Jie ṣe nítorí àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì, kí á lè pín in lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀dà kan wà nínú ihò àpáta ní Dunhuang, èyí tí wọ́n dí pa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá. Ní 1900, Wang Yuanlu, tí ó ń tọ́jú ibẹ̀, ṣàwárí ihò náà. Ní 1907, Aurel Stein fi owó díẹ̀ ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-ìkàwé Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ni ìwé náà wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣáínà ka ohun tí Stein ṣe sí olè jíjà.

Ẹ̀dùn ọkàn wọn kì í ṣe ohun kékeré, nítorí apá kan ìtàn wọn ni wọ́n gbé lọ. Síbẹ̀, ìfẹ́ ọkàn Wang Jie kò dúró lórí ibi tí a gbé ìwé pamọ́ sí. Láti 1994 ni ètò kan ti ń kó àwòrán àwọn ìwé Dunhuang jọ, tí ẹnikẹ́ni sì lè wò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ tí ó bá la ìlà mẹ́rin péré yé ọmọ kíláàsì rẹ̀ lónìí ń ṣe iṣẹ́ tí Wang Jie náwó lé.