Ta ló máa kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọjà àsọtẹ́lẹ̀ lórí họ́kì l'Amẹ́ríkà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé l'Amẹ́ríkà ló pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní ọmọ àwọn, ọmọ ọdún 19, máa ń tẹjú mọ́ fóònù lálaalẹ́ tí wọ́n bá ń gbá họ́kì, ó ń ra nǹkan, ó ń pàdánù, ó sì ń sọ pé òun ò ta tẹ́tẹ́, ọjà lòun ń ná. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o máa ń wádìí ọ̀rọ̀, ọjà ni àbí tẹ́tẹ́?" Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ díẹ̀. Ohun tí mo rí rèé. Mo kọ ọ́ síbí torí mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Eré ọ̀hún

Họ́kì tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti orí pápá. Orí yìnyín ni wọ́n ti ń gbá a, bàtà wọn ní irin lábẹ́, igi ni wọ́n sì fi ń gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní puck. Líìgì tó lórúkọ jù ni NHL. Ẹgbẹ́ 32 ló wà níbẹ̀, 25 l'Amẹ́ríkà, 7 ní Kánádà. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń gbá, ogún ìṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ sí àwọn gólí, èèyàn 18 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wá, wọ́n á máa wọlé, wọ́n á máa jáde láìdá eré dúró. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn: 18 níhìn-ín, 18 lọ́hùn-ún, ó di 36.

Bí ọjà náà ṣe ń lọ

Ilé-iṣẹ́ méjì tí wọ́n ń dárúkọ jù ni Kalshi àti Polymarket. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2025, NHL fúnra rẹ̀ bá àwọn méjèèjì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn.

Wọ́n á gbé ìbéèrè kalẹ̀: ṣé lágbájá ló máa kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé? Ẹ lè ra "Bẹ́ẹ̀ ni", ẹ sì lè ra "Bẹ́ẹ̀ kọ́". Owó rẹ̀ máa ń wà láàárín sẹ́ǹtì 1 sí 99. Tó bá bọ́ sí i fún yín, wọ́n á san dọ́là kan. Tí kò bá bọ́ sí i, òfo ni.

Ní ilé tẹ́tẹ́, onílé tẹ́tẹ́ lẹ ń bá ta á. Níbí, ẹlòmíì ló mú òdì kejì. Bẹ́ ẹ bá ra "Bẹ́ẹ̀ ni" ní sẹ́ǹtì 10, ẹnì kan wà níbì kan tó fi 90 sílẹ̀ pé irọ́ lẹ pa. Ilé-iṣẹ́ tó ni ọjà á gba owó iṣẹ́ tiẹ̀.

Ohun tí iye owó ń sọ

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ fojú sí gan-an nìyí. Sẹ́ǹtì 10 túmọ̀ sí pé ọjà gbà pé ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìgbà mẹ́wàá ni nǹkan ọ̀hún máa ṣẹlẹ̀. Bí agbára àwọn èèyàn 36 yẹn bá dọ́gba, owó ẹnì kọ̀ọ̀kan ò ní tó sẹ́ǹtì 3.

Alex Ovechkin ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn láti rà. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni lóòótọ́. Lọ́jọ́ 6, oṣù Kẹrin, ọdún 2025, ó gbá góòlù rẹ̀ tó jẹ́ ìkẹ 895, ó sì fi ìyẹn kọjá Wayne Gretzky. Ṣùgbọ́n eré 1,487 ló fi gbá a. Ẹni tó gbá góòlù jù nínú ìtàn NHL ò rí ẹyọ kan gbá lọ́pọ̀ alẹ́, ká má tíì sọ pé kó jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ gbá a.

Ẹ tún ṣe ìṣirò kan. Ẹ ro owó "Bẹ́ẹ̀ ni" gbogbo àwọn tó wà nínú eré pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè kọ́kọ́ gbá a, torí náà kò yẹ kó ju sẹ́ǹtì 100 lọ. Bẹ́ ẹ bá rí 120, ẹ mọ̀ pé wọ́n ń tà á ní ọ̀wọ́n fún yín.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀

Ẹnì kan lè gbá a, kó fara kan igi ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó wọlé. Ẹni tó fara kàn kẹ́yìn ni wọ́n ń kọ góòlù sí lọ́rùn, wọ́n sì lè yí orúkọ padà lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde ẹlòmíì.

Eré lè dé òpin láìsí góòlù kankan, kó di pé wọ́n ń gbá pẹnárítì. Góòlù ibẹ̀ kì í sí lára ti agbábọ́ọ̀lù kankan. Ẹ ka òfin tí wọ́n kọ sábẹ́ ìbéèrè kẹ́ ẹ tó sanwó.

Bẹ́ ẹ bá ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó wà ní pápá ti rí i ṣáájú yín. Ó sì lè jẹ́ òun lẹ ń bá ná ọjà.

Ọjà ni àbí tẹ́tẹ́?

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà dá àṣẹ tẹ́tẹ́ eré ìdárayá padà sọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 ò lè ta á. Àmọ́ Kalshi ní abẹ́ ìjọba àpapọ̀ lòun wà, lábẹ́ àjọ CFTC, ọmọ ọdún 18 sì lè wọlé. Nevada, New Jersey àti Maryland ò gbà, ọ̀rọ̀ ti dé kóòtù. Irú ìjà yìí ò ṣàjèjì sí wa: lọ́jọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà náà sọ pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lọ́tìrì.

Ẹ jẹ́ kí àwọn lọ́yà máa bá tiwọn lọ. Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ni pé kí ọmọ náà kọ gbogbo èyí tó rà sínú ìwé, èyí tó wọlé àti èyí tó gé. Ó kọ ọ́. Ìgbà 21 ló ra ẹni tó máa kọ́kọ́ gbá a wọlé, dọ́là mẹ́wàá mẹ́wàá, ní nǹkan bíi sẹ́ǹtì 10. Ẹ̀ẹ̀kan ló wọlé. Ó ná dọ́là 210, ó gba 100.

Ó ní òun á ṣì máa wo họ́kì. Mo ní ìyẹn dáa, wíwò ò gbówó.