Ilé ní Sùúrùlérè, Iṣẹ́ ní Èkó

Àwọn kan a máa sọ pé ìgbéraga ni ó mú kí ará Èkó máa lépa mọ́tò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá tú ìtàn ìlú náà wò, a ó rí i pé kí mọ́tò tó di ohun àfiṣefújà, ó ti di dandan fún ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí iṣẹ́.

Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní erékùṣù Èkó. Ní 1902, ìjọba ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tí ó ń gba orí Afárá Carter láti Ìddó wọ inú ìlú, ṣùgbọ́n ní 1933 ó ti kógbá sílé.

Ní 1955 ni ọ̀rọ̀ wá yí padà. Ìgbìmọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú Èkó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé láàárín ìlú, wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé náà dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà àti ọ́fíìsì kò bá wọn kó. Ìyá tí ó ti ń tajà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pàdánù oníbàárà. Akọ̀wé tí ó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́ wá ń san owó bọ́ọ̀sì láàárọ̀, ó tún ń san án nírọ̀lẹ́. Peter Marris, Gẹ̀ẹ́sì tí ó wádìí ọ̀ràn wọn, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1961 pé owó ọkọ̀ yìí ni wọ́n lára, àní kò jẹ́ kí wọ́n lè máa bẹ mọ̀lẹ́bí wò bí ti àtẹ̀yìnwá. (Orúkọ àdúgbò náà bá ẹni tí ń dúró de bọ́ọ̀sì mu jọjọ!)

Gómìnà Lateef Jakande, tí ó ṣe ìjọba láti 1979 di 1983, fẹ́ la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin fún ìgboro Èkó. Ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Ní 1990, wọ́n parí Afárá Third Mainland, tí ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11. Mọ́tò ni wọ́n sì ṣe é fún.

Oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Marina dé Mile 2, tí ó ń gba Ìgànmú, létí Sùúrùlérè, kọjá. Ọdún 68 ti lọ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé wọ̀nyẹn.